Àjọ Ọjọ́ Sátidé

Nínú ilé tí Nusaybah dàgbà sí ní Tinley Park lókè òkun, wọ́n máa ń wá já iná nítorí gbèsè. Lójijì. Fíríìjì á dákẹ́. Bàbá rẹ̀, Sàláhúdéènì, á ní àwọn oníná ló ń ṣe àtúnṣe. Níta, jíìpù tuntun, títí àwọn tó yá wọn lówó á fi wá wọ́ ọ lọ lójú àwọn ará àdúgbò. Ìyá rẹ̀, Àdùfẹ́, á rojú fún ọjọ́ méjì, á tún lọ ra léèsì àwìn.

Nusaybah di nọ́ọ̀sì. Ó kó lọ sí Woodridge. Ó kọ́ owó níná bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn lẹ́yìn àìsàn. Díẹ̀díẹ̀. Owó ilé kọ́kọ́. Owó iná tẹ̀ lé e. Báńkì tó ń fi owó pamọ́ sí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àjọ nìkan ni ìyá rẹ̀ mọ̀. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ló ń dá a, Alhaja Ajíbóyè ló ń gba owó jọ. Bí ẹni tó kàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá rẹ̀ lè bá a kó o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Nusaybah ló kàn. Owó yìí ló kù kó fi san àsansílẹ̀ ilé kékeré kan tó fẹ́ rà ní Flossmoor. Ó di dandan kó san án lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé náà ti lọ.

Lọ́jọ́rú, ìyá rẹ̀ wá kí i. Kì í wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ó tún fọ abọ́.

"Sátidé, ṣé o wà ní off?"

"Rárá, Mọ́mì. Mo ní shift. Kí ló dé?"

"Ṣé mi ò lè bi ọmọ mi léèrè ni? Wo bó o ṣe ń wò mí bí ọlọ́pàá!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó máa ń rín bí jíìpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Nusaybah kúnlẹ̀ fún Alhaja níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, àjọ ọ̀la. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di Sunday. Èmi fúnra mi ni máa wá gbà á."

"Kí ló ṣe ìyá ẹ? Ara wọn ò yá ni?"

Obìnrin méjì tó ń wọ bàtà gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ẹ má fún ìyá mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo mọ́ṣáláṣí ni yóò ti gbọ́ pé ó pe ìyá rẹ̀ lólè.

"Ara wọn yá, ma."

"Alhamdulillah. Lọ síbi iṣẹ́ ẹ jàre, nọ́ọ̀sì wa."

Sátidé. Ọ̀sán. Ó pe Alhaja láti ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.

"Ó ti dọ́wọ́ mọ́mì ẹ láti àárọ̀. Àdúà tí wọ́n ṣe fún ẹ!"

Ó pe ìyá rẹ̀. Kò gbé e. Ó tún pè é.

"Nusaybah, ariwo pọ̀ níbí. Owó ẹ ò sọnù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Mọ́ńdè ni mo fẹ́ fi sanwó ilé, Mọ́mì. Níbo lẹ wà?"

Nínú fóònù, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, Nusaybah gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń bi ẹnì kan bóyá wọ́n ń gba cash fún jíìpù náà.