Awọ Ẹfọ̀n Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Sá

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó kan ibi tí bàbá mi ń fi ìbọn kọ́, ẹfọ̀n ṣì pọ̀ nínú igbó wa ní Òkè-Ògùn. Ẹranko dúdú ńlá ni, ó ju màlúù lọ, ojú rẹ̀ kò sì rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Bó bá ń bọ̀ wá mumi, ìró pátákò rẹ̀ á kọ́kọ́ dé.

Ar-Rusaifah ní Mẹ́kà níbí ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo fíìmù kan nípa màlúù igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí àwọn ọlọ́jà awọ ṣe mú kí àwọn ọdẹ pa wọ́n ní ìpakúpa, tí wọ́n bó wọn, tí wọ́n sì fi ẹran wọn sílẹ̀ kó rà sí pápá. Èyí tó kéré jù nínú wọn kọjú sí mi, ó ní, “Haram! Màmá àgbà, ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé lā, pé rárá ni? Kò sẹ́ni tó kọ̀?” N kò mọ ti Amẹ́ríkà. Àmọ́ mo mọ obìnrin kan tó kọ̀, ọmú rẹ̀ ni mo mu dàgbà. Ẹ jókòó kí n sọ fún yín.

Ọdẹ ni bàbá mi. Bó bá pa ẹfọ̀n kan, gbogbo agboolé ló ń jẹ ẹ́. Ọkùnrin ló ń pa á, obìnrin ló ń ṣe gbogbo ohun tó kù. Ìyá mi àti àwọn ìyàwó ọdẹ yòókù ló ń kun ún, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń rù ú lọ sọ́jà. Egungun rẹ̀ pàápàá, ọbẹ̀ la fi ń sè. Kò sẹ́ni tó ń pa méjì nígbà tí ọ̀kan bá tó.

Ni ọlọ́jà awọ bá dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá, ó sì kó ẹ̀tù àti ọta fún àwọn ọdẹ wa. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, awọ nìkan ni òun fẹ́: awọ ẹfọ̀n, awọ ẹkùn, awọ erè. Wọ́n ní wọ́n ń fi í rán bàtà àti àpò lókè òkun. Ojú àwọn ọdẹ wa bá dà. Wọ́n ń yìnbọn bí ọmọdé ṣe ń sọ òkò sí máńgòrò. Wọ́n á bó awọ, wọ́n á sì fi ẹran sílẹ̀, torí ta ló fẹ́ ru gbogbo ìyẹn délé? Lọ́jọ́ kan tí mo bá ìyá mi lọ ṣẹ́gi, a já sí ibi tí ẹfọ̀n rẹpẹtẹ sùn sí, wọ́n ti bó gbogbo wọn, igún bò wọ́n. Ọ̀kan lóyún. Ìyá mi yára fi ìborùn bò mí lójú, àmọ́ mo ti rí i. Inú ṣì ń bí mi títí dòní.

Awọ tútù kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fá ọ̀rá ara rẹ̀, kó fi iyọ̀ àti eérú pa á, kó fi èèkàn nà án sí oòrùn. Àwọn ìyá wa ló ń ṣe ìyẹn náà.

Lọ́dún yẹn ni àbúrò ìyá mi mú un lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó dé, tó ti di Àlàájà, omi Sámùsámù ni gbogbo ayé ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún èmi yàtọ̀. Ó ní ẹni tó bá wọ haramí fún iṣẹ́ Hájì kò gbọdọ̀ pa ẹran ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ ran ọdẹ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ nàka sí ibi tí ẹran wà. Ó ní ọ̀rọ̀ ìka yẹn wọ òun lára, nítorí ọwọ́ òun méjèèjì ti fá awọ tí kò níye. Lèmọ́mù wa ní kó fara balẹ̀, pé ó ti bọ́ haramí, òfin náà kò dè é mọ́. Ìyá mi ní òun mọ̀ pé kò ṣe dandan, ó kàn wu òun ni.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi da awọ tuntun sílẹ̀ ní àgbàlá.

“Àlàájà, ọlọ́jà ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Tètè bẹ̀rẹ̀.”

“Bàbá, ẹran tí ẹ bá pa fún jíjẹ, màá kun ún, màá yan án, màá tà á. Èyí tí ẹ pa nítorí awọ, ẹ fi ọwọ́ ara yín sá a.”

“Nínú ilé mi?”

“Nínú ilé yín.”

“Ó dáa. Kó ẹrù rẹ, kó o padà sílé bàbá rẹ.”

Ìyá mi kó ẹrù lóòótọ́. Ó dì í pinpin, ó gbé e sí iwájú ilé, ó sì jókòó tì í. Ó ní ẹrù náà wúwo, òun nìkan kò lè gbé e ru ara òun, ẹni tó lé òun ni yóò wá gbé e ru òun. Bàbá mi wò ó, ó kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí di ọjọ́ ọjà. Ẹkún ni mò ń sun. Mo ti ń wo ara mi bí ọmọ tí kò ní ìyá nílé mọ́.

Àwọn ìyàwó ọdẹ yòókù gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó tì í, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan awọ kankan ní gbogbo ìlú. Ìdin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀.

Ọlọ́jà dé, ó fi áńkáṣíìfù bomú.

“Ta ló ba awọ mi jẹ́?”

“Awọ tìrẹ kọ́,” ni ìyá mi wí. “Awọ ẹfọ̀n ni.”

Ọkùnrin náà kọjú sí bàbá mi. “Ṣé obìnrin ló ń pàṣẹ nílé yín ni?”

Gbogbo ojú bá lọ sára bàbá mi. Ó dìde, ó bọ́ sí ìdí ẹrù náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo di aṣọ ìyá mi mú. Bàbá mi gbé ẹrù náà sókè, kò gbé e rù ú o. Ó gbé e wọlé padà. Ọlọ́jà náà wọ ọkọ̀ rẹ̀, a kò rí i mọ́.

N kò ní parọ́ fún yín. Kò sí ẹfọ̀n níbẹ̀ mọ́ lónìí. Àwọn agégẹdú dé, ọ̀nà ọ̀dà dé, igbó náà sì lọ. Àwọn kan nínú ẹbí wa máa ń sọ pé agídí ìyá mi kò ja mọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni wọ́n ń pa! Mo dàgbà, mo fẹ́ ọkọ, mo bímọ, ẹfọ̀n ṣì ń mumi ní odò wa. Ìlú kejì tí ọlọ́jà náà gbà lọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò bá ìwo ẹfọ̀n lásán pàápàá.

Ayé ti yí padà. Kò sí ìyá tó ń fá awọ lágbàlá mọ́. Awọ ti ń dán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò rùn, kò sì sí ìdin nínú rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí kọ̀ ọ́. Lóṣù tó kọjá, ọkọ ọmọ mi gbé wa lọ sí Al-Balad ní Jẹ́dà, ó fẹ́ ra ẹ̀wù òtútù tí màá wọ̀ lọ sí orí òkè Táífù. Ọlọ́jà kan níbẹ̀ gbé ọ̀kan kọ́ mi léjìká. “Yā Hájjà, awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gidi ni, wallāhi!” Ó rọ̀, ó sì wù mí, kí n má purọ́. Mo bọ́ ọ, mo dá a padà fún un.

Ọkọ ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹran yìí ti kú ná. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, kò lè jí.”

Mo ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe nítorí èyí tó kú ni mo ṣe kọ̀ ọ́. Nítorí èyí tó ṣì ń sáré ni.”