Àga Ọwọ́ Òsì Nínú Ọkọ̀ Pupa

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi. Ohun tí Darrell Pike fẹ́ fi ojú Noeleen Hatch rí ní pápá eré-ìje Barra Creek, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wa bá a ṣe é. Èmi gan-an, Bev, ni mo gbé gbohùngbohùn tí mo sì fi ẹnu ara mi kéde ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Noeleen fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Cowra. Bó o bá jẹ́ ọmọ oko nígbà náà, òun ló ń gbé ọ lẹ́nu géètì yín láago méje àárọ̀, òun náà ló sì ń dá ọ padà. Kì í pariwo. Bẹ́ ẹ bá ń jà lẹ́yìn, á dá bọ́ọ̀sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á pa ẹ́ńjìnnì, á fa òwú yọ, á sì máa hun aṣọ òtútù rẹ̀ lọ títí ẹ̀yin fúnra yín á fi máa bẹ̀ ẹ́. Ohun tó fi ń yangàn ni pé nínú gbogbo ọdún yẹn, orí ọmọ kankan ò gbá àga iwájú rí. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń tẹ bíréèkì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹyin sórí itan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Clarrie, ọkọ rẹ̀, ló ń tún tirakítọ̀ àwọn àgbẹ̀ ṣe. Òun ló ra ọkọ̀ pupa yẹn lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti fi gbá igi: ọkọ̀ eré kékeré oníjókòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ìgbà òtútù méjì gbáko ló fi tún un kàn nínú ilé páànù ẹ̀yìnkùlé wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni rọpárọsẹ̀ dá a gbálẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀ àfi mẹ́ta: “bẹ́ẹ̀ ni”, “tíì”, àti “olè”. Ẹyẹ tó já búrẹ́dì rẹ̀ gbà, olè ni. Dókítà, olè. Èmi tí mo mú bísíkíìtì kan ṣoṣo nínú àwo rẹ̀, olè. Ẹ̀rín la máa ń fi rín.

Lọ́sàn-án Sunday, Noeleen á ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, níbi tí èrò ń jókòó sí lọ́dọ̀ wa, á gbé ìdí ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ sórí àga, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé tẹ̀lé e, wọ́n á sì gba ọ̀nà odò lọ. Mo pàdé wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Clarrie gbé ojú sókè sínú afẹ́fẹ́, ó sì dà bí Clarrie ti àtijọ́ lójú mi. Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní àìsàn kan, àìsàn tó ń ṣe gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ wa: ó fẹ́ sáré. Ó fẹ́ yí pápá Barra Creek ká ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Ìṣẹ́jú kan àti mẹ́tàdínlógún ló ń gbá láti ọdún mẹ́ta. Mo mọ̀, torí èmi ni mò ń jókòó sínú ahéré ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ nọ́mbà rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mi nígbàkígbà tó bá kọjá ìlà funfun. Mẹ́tàdínlógún, mẹ́tàdínlógún, mẹ́tàdínlógún. Ó ti sú èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tó ń sá a.

Ló bá lọ bi Darrell léèrè. Darrell ń ta ọkọ̀ ní Orange, òun ló sì yára jù nínú ẹgbẹ́ wa. Bó bá sọ pé ojú ọ̀run ti di pupa, àwọn kan nínú wa á kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó wòkè.

“Ọkọ̀ yẹn ni, Noels,” ló wí. “Ìwọ kọ́. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti darúgbó, ìdí ẹ̀ ti dẹ̀. Ọ̀nà odò ló mọ̀, kò mọ pápá.”

Ó sì ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹbí kan náà ni pẹ̀lú ti Noeleen, àmọ́ pápá ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Wọ́n ti yọ rédíò, wọ́n ti yọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi irin ká inú rẹ̀ bí àgò adìẹ. Kó o tó wọlé, wàá gbé ẹsẹ̀ kọjá irin kan tó ga dé orúnkún, wàá wá ju ara rẹ sínú àga tó máa fún ọ ní ìbàdí pinpin. Darrell á gba ọkọ̀ pupa, Noeleen á fi díẹ̀ lé e, wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀. Clarrie tí kò lè ré ìloro ilé ara rẹ̀ kọjá láìdi nǹkan mú, báwo ló ṣe máa gun irin yẹn? Kò sí ẹni tó bi Darrell.

Mo bi Noeleen.

“Màá máa fi ọkọ̀ ńlá gbé e,” ló dáhùn.

“Ọkọ̀ ńlá kì í ṣe ọkọ̀ yẹn, o sì mọ̀.”

“Bev, láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ. Mò ń gbé ọkọ mi báyìí. Ṣé nǹkan kan ṣoṣo ò lè jẹ́ tèmi ni?”

Ó pinnu pé òun á fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ eré oṣù karùn-ún, ìgbà tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán.

Lọ́jọ́ náà, òtútù mú débi pé a ń fẹ́ èémí sọ́wọ́. Darrell gbé ọkọ̀ tuntun náà wá, ó fi yí pápá ká láàárọ̀ kí Noeleen lè rí i. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń yọ ìbọ̀wọ́, ó ń fi eyín hàn. “Ṣé o rí i? Mi ò tiẹ̀ tíì làágùn o!” Nígbà tó kù díẹ̀ ká jẹun, ó na ọwọ́ sí Noeleen: “Kọ́kọ́rọ́ ẹ dà? Jẹ́ kí n yẹ jíà ẹ̀ wò kí n tó gbà á lọ́wọ́ ẹ.”

Clarrie wà lórí àga rẹ̀ nídìí wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà pápá, aṣọ ìborùn lórí itan. “Olè,” ló wí.

“Ìwọ náà lolè, baba!” ni Darrell fi dá a lóhùn, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín.

Noeleen lọ tò sórí ìlà àwọn tó ń ra sọ́séèjì ọ̀sán, èmi náà padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Darrell dé àṣíborí rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ pupa wọ pápá pẹ̀lú àwọn tó kù. Clarrie ń pariwo nídìí wáyà ní gbogbo àkókò yẹn. Mo rò pé ẹyẹ ló tún dé sí búrẹ́dì rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn tó bá fara pa lọ bá a níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, Darrell lọ bá Noeleen lórí ìlà, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ti ilé òkú bọ̀. “Mo rọra wà á ni o, mi ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Kò ní èémí mọ́, Noels. Jíà kẹta ń ké. Àánú ẹ ṣe mí.” Ó fa ìwé àti kálámù yọ lápò.

Àkókò yẹn gan-an ni ìwé èsì jáde nínú ẹ̀rọ mi. Mo wo ìlà nọ́mbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nọ́mbà Noeleen. Mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún un wò. Mẹ́rìnlá! Mo já gbohùngbohùn gbà, mi ò rántí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè: “Noeleen Hatch! Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá! Ìyá oníbọ́ọ̀sì ti ṣe é o!”

Ariwo sọ, wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀. Wọ́n ń gbá obìnrin náà mọ́ra pẹ̀lú ìgò tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ pé “Èmi kọ́, èmi kọ́,” ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ahéré mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Bev, ta ló wà nínú ọkọ̀ mi?”

“Ìwọ ni.”

“Orí ìlà sọ́séèjì ni mo wà.”

Mo tún wo ìwé náà: ọkọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi mọ̀, kò mọ awakọ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí mi, mo sì na ọwọ́ sí gbohùngbohùn láti tún ìkéde mi ṣe.

Kò dúró dè mí. Ó yọ kálámù tó wà lẹ́bàá etí mi, ó gba ìwé náà, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níbi tí gbogbo ayé ti ń ka èsì. Ó fa ìlà gba orí orúkọ ara rẹ̀ kọjá, ó kọ “Darrell Pike” sí i. Èsì àárọ̀ ti wà lókè níbẹ̀: Darrell Pike, ọkọ̀ tuntun, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìsàlẹ̀: Darrell Pike, ọkọ̀ pupa, mẹ́rìnlá.

Trev arúgbó, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ súfèé. “Darrell, òkú ọkọ̀ lo fi sáré ju alààyè tí ò ń tà lọ?”

“Táyà ló ti gbóná,” ni Darrell wí. “Afẹ́fẹ́ náà sì ti yí padà…”

“Afẹ́fẹ́ ẹnu ẹ ni!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Noeleen ò rẹ́rìn-ín. “O ní o ò tẹ̀ ẹ́ rárá,” ló wí.

“Noels, òwò lòwò ń jẹ́, o mọ̀ pé…”

“O jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Clarrie. O fi ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tún kàn sá eré tí mi ò sá rí. O wá sọ̀ kalẹ̀, o wo ojú mi, o ní kò ní èémí mọ́.” Ó gba ìwé pàṣípààrọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nu tòmátì tó wà ní ìka rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dá a padà fún un. “Máa lọ.”

Ó wá kọjú sí mi. Mo rò pé yóò bú mi, ó sì tọ́ sí mi. “Ẹsẹ̀ mi ni, Bev,” ló wí. “Ọkọ̀ kọ́. Ẹsẹ̀ mi ló ń sáré lọ sórí bíréèkì bíi pé àwọn ọmọ ṣì wà lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ gbé àga ọkọ mi fún èèyàn nítorí ẹsẹ̀ ara mi.”

Ó ń kọ́ ẹsẹ̀ náà lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Lóṣù tó kọjá ó gbá mẹ́rìndínlógún. Darrell ò wá sí Barra Creek mọ́, ọkọ̀ pupa sì wà nínú ilé páànù ẹ̀yìnkùlé Noeleen. Èyí tí mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi ni ohun tí a bá nídìí wáyà lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí a lọ gbé Clarrie.

Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sára ìka rẹ̀. Ọmọbìnrin tó lọ bá a níbẹ̀ sọ pé gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ pupa fi wà lórí pápá ló fi ń gbá wáyà, tó ń pariwo olè, olè, olè. Ìró ẹ́ńjìnnì tó kàn fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó òun ló wà lórí rẹ̀.

Ife mẹ́ta wà lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, wọ́n ti tutù, kò fẹnu kan ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù fún ọkùnrin yìí láyé. Ó mú èyí tó yẹ nínú wọn, ó ké e mọ́ wa létí, a sì ń gbé tíì fún un.