Ìṣẹ́jú Méjìlá Tí Mo Torí Ẹ̀ Fura sí Bíọ́dún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí ìṣẹ́jú méjìlá péré ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní Òṣogbo.

Ọdún 1999 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, mo sì rí iṣẹ́ sí ilé kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Alékúwodò. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò. Ó wà nínú lẹ́tà mi pé bí mo bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Iléṣà ni mo sì ti ń wọkọ̀ wá láràárọ̀! Ṣé ẹ rí ìdí tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀?

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Bàbá Rélùwéè, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́, òun náà ló sì ń wo ẹni tó pẹ́. Bíọ́dún ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tí a so àwọn yòókù mọ́. Èmi ni ẹni tuntun.

Nígbà yẹn, wọ́n ní bí a bá wọ ọdún 2000, aago inú kọ̀ǹpútà yóò dàrú. Bàbá ní kí n wá nǹkan ṣe sí tiwa, torí ọ̀kan ń sọ pé aago mẹ́jọ lù, òmíràn ń sọ mẹ́sàn-án. Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni gbogbo wọn ń lò. Mo ṣètò wọn kí wọ́n máa gba àkókò lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá. Mo dán an wò, gbogbo wọn sì bára mu. Inú mi dùn gan-an! Bàbá ní láti ọjọ́ náà lọ, àkókò tí kálukú bá wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lòun yóò máa fi mọ ẹni tó pẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo tètè ń dé. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ Iléṣà ò tètè kún mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, aago ọwọ́ mi ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́jọ lù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bàbá fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fà á.

Ìlà méjì! Mo fi aago mi wé ti rédíò, wọ́n bára mu. Mo wá tẹ àṣẹ kan tó ń béèrè àkókò lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ńlá láì yí ohunkóhun padà. Ìṣẹ́jú méjìlá ló fi ṣíwájú. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Bíọ́dún. Ta ló ní àbúrò tó ń wáṣẹ́? Bíọ́dún kan náà.

Láti ìgbà yẹn, bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò pé èmi ló ń rín. Bó bá bu ẹ̀pà fún mi bó ṣe máa ń ṣe, mo máa ń rò pé ó fẹ́ fi bò mí lójú ni. Ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí: bí ẹ̀rù bá bà mí, gbogbo nǹkan ni mo máa ń fura sí.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo sọ fún un níṣojú Bàbá pé mo mọ̀ pé ó ń ti aago síwájú kí àbúrò rẹ̀ lè gbapò mi. Bíọ́dún kọjú sí mi.

“Òṣómàáló,” ó ní, “ìṣẹ́jú méjìlá tó o wá lóṣòó dè yìí, kò sí lápò mi.”

Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi àwa Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀fẹ̀, torí àwọn oníṣòwò wa tó máa ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó. Àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò bu ẹ̀pà fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ kí n lè lọ ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣe é. Kò tíì dé. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn, a sì jọ wọlé. Wọ́n ti múná lọ mọ́jú, bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà ńlá sì ti kú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ló máa ń gbàgbé àkókò. Bí Bàbá ṣe tàn án lórí jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà náà béèrè pé aago mélòó ló lù. Bàbá fa aago onísẹ́ẹ̀nì yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìka kan ṣoṣo tẹ ìdáhùn.

Mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú méjìlá!

Mo rọra bi Bàbá bóyá aago wọn ń sáré.

“Kò sáré,” wọ́n ní. “Èmi ni mo tì í síwájú. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè, ọkọ̀ ò fi mí sílẹ̀ lọ rí.”

Èmi tí mo ní kí gbogbo kọ̀ǹpútà máa tẹ̀lé ọ̀kan, ǹjẹ́ mo béèrè ẹni tí ọ̀kan yẹn ń tẹ̀lé? Mo rí i pé wọ́n bára mu, mo sì rò pé ó ti parí.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún àgbàlagbà pé aago rẹ̀ kọ́ ni òótọ́, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ló kù fún mi. Mo ṣàlàyé. Bàbá tan rédíò, wọ́n dúró títí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wo aago wọn. Wọ́n ní aago àwọn yóò wà bó ṣe wà, àmọ́ rédíò ni ká máa fi ṣe ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n fa ìwé yọ, wọ́n sì fagi lé ìlà mi méjèèjì.

“Ti Bíọ́dún,” wọ́n ní, “mi ò ní bírò tí mo lè fi pa ìyẹn rẹ́.”

Bí Bíọ́dún ṣe wọlé ni mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà. Iṣẹ́ náà dúró fún mi, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún bu ẹ̀pà fún mi.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí n tó wá ẹni tó ń ṣe mí, kí n kọ́kọ́ wo ohun tí èmi fúnra mi ò yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fura sí rí láìṣẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín, kí n má dá nìkan jẹ́wọ́!