Ẹ̀yìn Bàbá Lámídì Lára Ògiri

Lánàá, àkọ́rọ̀ òjò bọ́ sórí èédú tí ìyàwó ọmọ mi kó síta, òórùn rẹ̀ sì wọlé wá bá mi. Òórùn ọwọ́ Lámídì ọ̀rẹ́ mi ni, nígbà tí a wà ní kékeré lẹ́bàá Ìpókíà, lákòókò tí ìjọba ológun ti bodè pa.

Ìwé kẹrin lèmi ti sá nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń mọ àwòrán yà, torí ìṣojú mi ni Lámídì ti kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń yà láti ọjọ́ ọjà dé ọjọ́ ọjà. Bó bá jẹ́ òbúkọ ni, yóò wò ó títí ojú á fi ti òbúkọ. Yóò wá kẹ̀yìn sí i, yóò fi èédú yà á sára ògiri ilé wọn. Lẹ́yìn náà, yóò tún padà lọ wò ó. “Ẹsẹ̀ yìí purọ́,” ni yóò wí, yóò fi ewé nù ún, yóò tún un yà. Àràárọ̀ ni, kó tó lọ pọn omi, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Ní ọjọ́ ọjà kẹta, òbúkọ wa sáré wá kan èyí tó wà lára ògiri títí ìwo rẹ̀ fi kán. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi òbúkọ.

Nígbà tó kan ènìyàn, ẹ̀yìn ló yàn. Ó ní, “Ojú máa ń ṣe ojú ayé. Ẹ̀yìn ò mọ̀ pé à ń wo òun.” Ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ló sì ń rí jù.

Nígbà yẹn, àwọn aláṣọ káàkí ti figi dábùú ọ̀nà. Orúkọ ìrẹsì gan-an, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ là ń pè é. Àwọn bàbá wa á faṣọ bojú, wọ́n á gba inú igbó lọ sí òdìkejì bodè, wọ́n á di àpò ìrẹsì mọ́ kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé. Fàyàwọ́ ni, ṣùgbọ́n “oko” là ń pè é nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè irú iṣu tí wọ́n lọ wà. Ọ̀gá káàkí kan ti ń lé Bàbá Lámídì kiri fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń rí, tí yóò wọ igbó lọ; kò mọ ẹni tó jẹ́.

Èjìká òsì bàbá yìí wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Èjìká yẹn yọ Lámídì lẹ́nu púpọ̀. Lọ́jọ́ tó rí i yà tán, tòun ti kẹ̀kẹ́ àti àpò, gbogbo ọmọdé àdúgbò pé jọ, à ń pariwo. Ariwo wa ló pe ọ̀gá náà. Ó dúró. Ó wo ògiri títí.

“Ta ló mọ nǹkan yà tó báyìí?”

“Lámídì ni, sà!”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn ta wá nìyí?”

Lámídì di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ìdùnnú ló ń ṣe é.

“Ẹ ò mọ Bàbá Lámídì ni, sà?” ni mo wí. “Ẹ wo èjìká!”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fún mi ní bisikíìtì kan, mo sì jẹ ẹ́.

Nírọ̀lẹ́, àwọn aláṣọ káàkí ti kẹ̀kẹ́ náà kọjá níwájú ilé. Bàbá Lámídì ń lọ níwájú wọn, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ajá kan kò gbó. Lámídì bu omi, ó fọ ògiri náà títí amọ̀ fi ń já bọ́.

Wọ́n ti kórè àgbàdo kí bàbá náà tó dé. Èjìká rẹ̀ méjèèjì ti wálẹ̀ dọ́gba.

Wọ́n ti ṣí bodè, wọ́n ti tún un tì, wọ́n ti tún un ṣí. Amọ̀ ti di bulọ́ọ̀kù. Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ mọ àwòrán yà, bí Lámídì ṣe ṣe é náà ni kẹ́ ẹ ṣe é, kò tíì sí ọ̀nà mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ò fọwọ́ kan èédú mọ́. Títí bàbá rẹ̀ fi kú, ó gbà pé àwòrán ọmọ òun ló tú òun fó, ó sì ń sọ pé òun ti dárí jì í. Lámídì kò sọ fún un pé ẹnu mi ni. Òun náà ti tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ báyìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.