Orúkọ Tí Ìyá Mi Kì Í Pè

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá mi ṣì máa ń pè mí lórúkọ. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Yàrá méjì alámọ̀ ni ilé wa nígbà náà, ní etí abúlé àwọn darandaran kan lókè Ọya, níbi tí igi kò ti pọ̀. Ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa orúkọ mi gùn bí àwọn obìnrin Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń fa orúkọ ọmọ, èmi náà á sì máa sáré bọ̀ láti ibi tí mo ti ń lé ọmọ ewúrẹ́ kiri. Bí mo bá dé, á gbé mi, á kì mí, á fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu mi. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀.

Míṣọ́nnárì ni bàbá mi. Ọmọ Ìwárajà ni, ó ti ṣe tíṣà díẹ̀ ní Iléṣà kí ó tó ní òun gbọ́ ìpè, ìjọ wa sì rán òun àti ìyá mi lọ sí àárín àwọn Fúlàní. Àwọn ẹbí ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹni tí oko kòkó bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀, tó wá ń lọ wàásù fún màálù! Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó rọrùn fún bàbá mi láti rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò ní dun òun fúnra rẹ̀.

Ní ọdún kejì tí a débẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ti gba Jésù fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lábẹ́ páànù wa. Bàbá mi kéde rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta tẹ̀léra bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Iléṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ilé wa ni ìdajì àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ìyá mi gé aṣọ tábìlì rẹ̀ funfun, ó fi rán ìbòrí fún ìyàwó. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ dé, ìyàwó dé, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó kò yọjú. Bàbá mi ní òun kò ní bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá ọmọ wà láyé, ó wà nílùú, kí ló dé tí ọmọ á fi ṣègbéyàwó bí ọmọ òrukàn? A jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, ni ìyá mi bá dìde láti lọ pe obìnrin náà. Mo tẹ̀lé e.

Inú ahéré rẹ̀ la bá a, ó kọjú sí ògiri, ó fi aṣọ bojú. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, tó máa ń fún wa ní wàrà, ló bá a dáhùn.

Ó ní, “Ìyá kì í jáde síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, pàápàá àkọ́bí. Ojú máa ń tini. Ìwọ tí ò ń pariwo orúkọ àkọ́bí rẹ lóde, tí ò ń gbé e mọ́ra lójú gbogbo ènìyàn, ta ni nínú wa tó máa fi ọmọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀sìn tí kò mọ ìtìjú?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìró rẹ̀ ti fẹ́ tú.

Bí àṣà wọn ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Kì í gbé e lójú àwùjọ. Bí ọmọ náà bá ṣubú, ẹlòmíràn ló máa gbé e dìde, ìyá rẹ̀ á sì máa wo ibòmíràn. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ. Wọ́n ní ìfẹ́ àkọ́bí pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ọmọlúàbí fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà ni ọmọ ń sá lọ bá, ìyá àgbà ló ń kẹ́ ẹ. Gbogbo ọmọ abúlé yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú oyún, kò sì dun ẹnì kankan nínú wọn. Èmi nìkan ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún.

Bàbá mi so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìsí ìyá. Láti ọjọ́ kejì, ìyá mi kò pè mí lórúkọ mọ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn abà kí ó lè wá mi, kí ó pariwo orúkọ mi bó ṣe máa ń ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò tíì mọ ìrìn rìn, ló ń pè. Ó ń pè é pé, “Lágbájá, wo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà, kó wá jẹun.” Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n rán sí mi. Mo jáde wá jẹun.

Mo tún rò pé nínú ilé, tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, á pè mí. Kò pè mí níbẹ̀ náà. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún bàbá mi pé òun kò fẹ́ kí ahọ́n òun ṣèèṣì pe orúkọ mi lóde. Bàbá mi ní ìyẹn dára, pé Ọlọ́run rí ìrúbọ ìyá mi. Ìrúbọ ta ni? Títí di òní ni mo fi ń bi ara mi.

Ìjọ kún. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó máa ń yí ojú kúrò bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi pọnmi, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò mi pè é ní ìyá, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbéyàwó ń tẹ̀lé ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó á jókòó sílé, ìyá mi á lọ jókòó tì í, bàbá mi kò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Nígbà tí a bá wá sí Òṣogbo fún ìsinmi, bàbá mi á dúró níwájú ìjọ, á jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló ṣí ọkàn àwọn ènìyàn náà. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, èmi náà á pàtẹ́wọ́. Mo mọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ṣí i.

Ìyá àgbà oníwàrà yẹn ló tọ́ mi. Ahọ́n rẹ̀ kò gba orúkọ Yorùbá mi dáadáa, ó ń gé e níbi tí kò yẹ kó gé e, ṣùgbọ́n ó ń pè é. Ọjọ́ tí a kúrò níbẹ̀ pátápátá, mo sunkún títí mo fi bì sínú ọkọ̀. Ìyá mi wo ojú fèrèsé.

A padà wá sí Òṣogbo nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n fi bàbá mi sí ọ́fíìsì ìjọ. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Mo sọ fún ara mi pé ó parí, pé a ti dé ibi tí orúkọ àkọ́bí ti jẹ́ orúkọ ìyá. Lóòótọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń fi orúkọ mi pè é. Kì í dáhùn. Wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí wọ́n fi ń sọ pé ìyàwó pásítọ̀ ní láti lọ tọ́jú etí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tó ń ṣa ẹ̀wà, mo kúnlẹ̀ tì í.

Mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í pè mí lórúkọ?”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àtẹ.

Ó ní, “Ó ti wọ̀ mí lára, ọmọ mi. Mo máa ń fẹ́ pè é. Bó bá ti dé ẹnu mi, ojú á tì mí bí ẹni tó wà níhòòhò.”

Ó tún ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ni mo bá gbé gbogbo ìrètí mi lé ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò sí bí ìyá ṣe lè yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Nílé wa, tí ọmọ bá kúnlẹ̀ fún ìdágbére, ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé e lórí, á pe orúkọ tó sọ ọ́, á kì í, á sì wúre fún un. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ọkọ mi, ọmọ Òṣogbo tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ́, wá tọrọ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ronú nípa aṣọ àti bàtà. Èmi ń ronú nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìwárajà ni a ti ṣe ìdána, ní àgbàlá ilé bàbá mi, ọjọ́ kejì ni a ó wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Iléṣà. Alága ìjókòó, obìnrin tó ń darí ètò fún ìdílé ìyàwó, ti mú mi kúnlẹ̀ níwájú àga méjì. Bàbá mi wà lórí ọ̀kan. Obìnrin náà pe ìyá ìyàwó nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó tún un pè. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ìyá ìyàwó ṣì ń we gèlè, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo gbọ́ tí ìyá ọkọ mi ń sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé wọn ò fẹ́ wa ni?”

Mo dìde láì gba àṣẹ, mo wọlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti wà níbẹ̀, ó ń jágbe.

“Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn! Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé ta lo wà báyìí, ìyàwó wa? Àbí Fúlàní ló fẹ́ ọ?”

Ìyá mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri, ó fi ìborùn bo ojú. Mo ti rí obìnrin tó jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè mí níbí yìí. Ẹ má tilẹ̀ jáde.” Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí ó fi dùn mí. Ó ní, “Máa lọ. Wọ́n ń dúró dè ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jókòó sórí àga yẹn. Ó kì mí dé ìran tí n kò mọ̀ rí, ó pe orúkọ mi bí ẹni ń polówó ọjà, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ẹkún tí mo sun, wọ́n ní ẹkún ìyàwó ni.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fa ìyá mi jáde látẹ̀yìn òpó tó jókòó sí. Pásítọ̀ ní kí àwọn òbí wa gbé ọwọ́ lé wa lórí. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀ láàárín ọwọ́ mẹ́rin. Bàbá mi pe orúkọ mi, ó gbàdúrà gígùn bó ṣe mọ̀ ọ́n gbà. Mo ń dúró de ohùn kejì. Ìyá mi ní, “Àmín.” Gbogbo ohun tó sọ níbi ìgbéyàwó mi nìyẹn.

Lọ́dún yìí ni mo bí ọmọbìnrin kan. Ìyá mi wá sí ilé wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó láti wá wẹ ọmọ. Láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ ni ó ń pe orúkọ ọmọ náà. Bó bá ń fi omi gbígbóná nà án lápá, ó ń pè é. Bó bá ń fi òrí pa á lára, ó ń kì í, ọmọ Owá, ọmọ ẹkùn. Ó ń fa orúkọ náà gùn gan-an bó ṣe ń fa tèmi lẹ́nu ọ̀nà ilé alámọ̀ yẹn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá àgbà ló ń kẹ́ àkọ́bí. Mo dùbúlẹ̀ ní yàrá kejì, mo ń gbọ́ ọ. Mo jowú ọmọ tí mo bí. N kò ní purọ́.

Nígbà tí ó ń lọ, ó gbé ọmọ náà sókè lẹ́nu géètì, ó pe orúkọ rẹ̀ títí ọlọ́kadà fi ń fun fèrè. Ó wá gbé e fún mi. Ó ní kí n máa jẹun dáadáa.

Ilé dákẹ́ lẹ́yìn tó lọ. Àwọn ará àdúgbò ń fi orúkọ ọmọ pè mí, ó ń pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, ọkọ mi ń ká aṣọ ọmọ lórí okùn, ó dúró, ó wò mí.

Ó ní, “Mo ti ń fetí sílẹ̀ láti ìgbà tí màmá ti lọ. O kì í pe ọmọ yìí lórúkọ.”

Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n pè é kí òun gbọ́. Mo ní ọmọ ń sùn, kó má dà mí láàmú.

Mo wọlé. Ọmọ náà kò sùn, ó ti lajú kalẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi èmi àti òun. Mo la ẹnu kí n pè é, ojú sì tì mí.