Sójà Oníke Méjì nínú Abọ́ Kan

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni òyìnbó ẹnjiníà tí mo ń bá ṣọ́ sítọ́ọ̀ ní Òṣogbo padà sílé, ó sì fi páálí kan sílẹ̀ fún mi. Àwọn sójà oníke ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ, pẹ̀lú ọ̀dà inú agolo kéékèèké. Mo kun méjì fún àwọn ìbejì obìnrin tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ní Iléṣà, mo pín ìyókù káàkiri àdúgbò. Sójà ọ̀kan ní ìgbànú pupa, ti èkejì ní ìgbànú búlúù. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kò ju ìyẹn lọ.

Ọmọ tó ni búlúù kò pẹ́ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbẹ́ ère ìbejì kankan. Akọrin ìjọ ni, pásítọ̀ ò ní gbà. Ṣùgbọ́n sójà búlúù yẹn wà lórí tábìlì yàrá rẹ̀, bó bá sì ra bisikíìtì fún ọmọ tó kù, á fi ọ̀kan síwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tó yá, ọ̀dà ara wọn ń ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi kó méjèèjì wá bá mi nílé mi ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, òun àti ọmọ rẹ̀, torí ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì.

Mo ní ká kọ́kọ́ bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Mo po omi ọṣẹ. Kí n tó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dé, ẹ̀gbọ́n mi ti kó méjèèjì sínú abọ́, ó ń fi kànìnkànìn ha wọ́n bí ẹni ń wẹ ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èwo lẹ mú lọ́wọ́ yẹn?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti funfun bí eyín.

"Ìwọ lo kùn wọ́n," ó ní. "Wò ó dáadáa."

Mo dojú wọn délẹ̀, mo wọ awò ojú, mo bọ́ ọ. Ojú kan náà, ìbọn kan náà. Àwọn tó ṣe wọ́n kò mọ̀ pé ọ̀kan máa di ti òkú.

"Ṣé o ti rí i?"

"Mo ṣì ń wò ó ni."

"O ti ń wò ó tipẹ́. Àbí Òṣogbo ti fọ́ ẹ lójú ni?"

Ìwé mẹ́fà tí mo kà ò kọ́ mi nírú èyí. Mo kùn wọ́n, torí n kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe. Èmi géńdé, ohun tí kò tó ìka ń dẹ́rù bà mí. Mo ṣèèṣì fi ọ̀dà dúdú sí imú ọ̀kan. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè àwọ̀ ìgbànú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn agolo ọ̀dà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ láìní ìgbànú.

Ọ̀dà gbẹ. Ọmọ náà na ọwọ́. "Màámi, ẹ fún mi ní tèmi."

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mọ́ méjèèjì. Ta ló máa fi ti òkú lé alààyè lọ́wọ́? Ó wò mí. Èmi wo bàtà mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi bẹ Màámi."

Mo ní màá bá a wá òmíràn ní Òṣogbo. Mo mọ̀ pé kò sí. Ọmọ náà ò sunkún. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń ṣí ìka ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ṣí i ni ìyá ń pa á dé.