Bí Mo Ṣe Fi "Sannu" Kí Ọlọ́run

Òórùn àkàrà ló máa ń jí wa ní Makera, nílẹ̀ Hausa, láyé ọjọ́un. Obìnrin Hausa kan ló ń dín in lẹ́yìn ògiri wa. Òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé bá wa lórí ìkúnlẹ̀, níbi tí bàbá mi ti ń gbàdúrà tí kì í tán bọ̀rọ̀. Wọ́n á tọrọ, wọ́n á tún tọrọ, wọ́n á wá ké pé, "Olúwa, ṣàánú! Ṣàánú wa!"

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí pé etí Hausa ni mo fi ń gbọ́ ọ. "Sannu" làwọn ará àdúgbò wa fi ń kí ara wọn. Mo rò pé bàbá mi ń kí Ọlọ́run ni.

Lọ́dún kan, ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi Yorùbá bi mí bóyá mo ti jẹun, mo fi Hausa dá wọn lóhùn. Ojú wọn le. "Mò ń mú ọmọ yìí lọ sílé. Gàm̀bàrí lẹ̀ ń tọ́ níbí!" Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, ìyá àgbà ní kí n fi Yorùbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí mo bá lè ṣe é, wọ́n á fi mí sílẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá mi kọ́ mi lóru mọ́jú ti fò lọ. Mo la ojú sílẹ̀, mo rí oòrùn tó ń yọ lójú fèrèsé, mo sì pariwo: "Ọlọ́run, sannu! Sannu da aiki! Àmín."

Bàbá mi fọwọ́ bojú.

"Kí ló wí?" ni ìyá àgbà bèèrè.

Ìyá mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: "Ó ń kí Ọlọ́run kú iṣẹ́ ni, mà."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ léjìká wọn. Wọ́n yíjú sí bàbá mi: "Ìwọ Jóòbù, látìgbà tí mo ti dé, 'fún mi, fún mi' lò ń wí. Àkànní ọmọ rẹ nìkan ló rántí kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa tọ́ ọ níbí, ó lè tún ìwọ náà tọ́."

Ìyá àgbà nìkan ni wọ́n padà sílé.

Mo lọ sí yunifásítì, Yorùbá mi já geere. Àdúrà mi wá gùn ju ti bàbá mi lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń sùn kí n tó dé ìdí àmín. Ọmọ ọjọ́ yẹn lajú, ó rí iṣẹ́ Ọlọ́run, ó kí I. Èmi, kí n tó rí ohunkóhun, mo ti dijú.